Pọ́ǹpù Tó Ń Pariwo

Ìyá mi àti àbúrò bàbá mi obìnrin kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ilé wọn fara kan ara wọn, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Orí àga ni wọ́n ti jà. Nígbà tí bàbá wa kú, Àǹtí wá gbé àga tí bàbá máa ń jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní àga bàbá òun ni kó tó di ti ẹ̀gbọ́n òun. Ìyá mi ní àga ọkọ òun ni. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ àga náà, wọ́n ti fi ìyókù rẹ̀ dáná, síbẹ̀ ìjà ò parí. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní àgbà méjì ń ṣe bí ọmọdé. Àmọ́ ọ̀kan bí mi, èkejì ló kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ rírán tí mo fi ń jẹun, nítorí náà mo pa ẹnu mi mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láàárín wọn. Láràárọ̀, ìyá mi á lọ sídìí kànga ẹ̀yìnkùlé láti fa omi tó máa fi rin ọgbà rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ irin tí okùn ń gbà kọjá lórí kànga náà ti dípẹtà, bí wọ́n bá sì ti fà á, igbe ló ń ké, igbe burúkú tó ń pani léyín. Bí irin bá ti ké, Àǹtí tó wà lódìkejì á fi ìdí ọwọ̀ rẹ̀ gbá ògiri, bí ẹni tó fẹ́ kí ọwọ̀ dọ́gba kó tó gbálẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ìyá mi ti mọ̀ pé Àǹtí jí, Àǹtí náà ti mọ̀ pé ìyá mi jí. Àwa ọmọ ìyá mi ti kúrò nílé, Àǹtí ò sì bímọ, kálukú ló ń dá sun ilé rẹ̀. Bí ọ̀kan ò bá jí lọ́jọ́ kan, ìkejì ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀yin ti mọ èyí báyìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. A máa ń gbọ́ irin, a máa ń gbọ́ ọwọ̀ tá a bá wálé, a sì kà á sí ariwo àárọ̀ lásán.

Èjìká ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ò ṣeé gbé sókè mọ́, mo mú un lọ sọ́sibítù, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ fa omi mọ́ láyé. Ìyá mi bi dókítà bóyá òun lè máa fi ọwọ́ òsì fà á. Èmi ni dókítà yíjú wò. Ká tó dé ilé, mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wa tírélà. Láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ́ńjìnnì ló ń bú lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa pariwo tó bá ń sọ̀rọ̀, kódà bí ẹ jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Tó bá wá dé ilé, kò fẹ́ gbọ́ pìn-ín. Á pa fáànù, á pa rédíò, á ní kí wọ́n lé adìyẹ kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ní tirẹ̀, kò sí ẹ̀bùn tó ju ìdákẹ́jẹ́ lọ láyé yìí.

"Má dààmú," ó pariwo sí mi létí. "Màá ra pọ́ǹpù fún màmá. Ìka kan ló máa fi tẹ̀ ẹ́, táǹkì á kún."

Ó gbé orí tírélà rẹ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n to pọ́ǹpù sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, pupa, búlúù, èyí tó sanra, èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkùnrin tó ń tà á mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bi ìyá mi bí kànga ṣe jìn tó, bóyá ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí táǹkì máa wà, àti bí ọgbà ṣe tóbi tó. Ìyá mi dáhùn gbogbo rẹ̀ láìfọ̀rọ̀ falẹ̀. Kànga ò jìn, kì í gbẹ. Tòmátò, ata àti ẹ̀fọ́ ló wà nínú ọgbà, kò sì ju ibi tí òun lè tu koríko rẹ̀ tán kí oòrùn tó mú.

"Tí kànga ò bá jìn, èyíkéyìí nínú méjì yìí á ṣe é fún yín," ọkùnrin náà sọ. "Èyí tó gùn yìí, inú omi là ń rì í sí. Èyí orí ilẹ̀, ẹ ó máa rọ omi sí i lẹ́nu tẹ́lẹ̀ kó tó lè gbéra."

"Ó ń mu omi kó tó fún wa lómi," ìyá mi sọ. "Èèyàn ni. Èwo ló ń pariwo jù?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Èyí tí wọ́n ń rì sómi kì í dún. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ rárá."

"Mo ní èwo ló ń pariwo."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó má dá màmá lóhùn, pé bó ṣe máa ń ṣe àwàdà nìyẹn. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí pọ́ǹpù orí ilẹ̀ kan, irin gidi, tó rí bákan bàkan, tó sì wúwo.

"Ìyẹn ni mo fẹ́."

"Màmá, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Mo mọ ohun tí ariwo ń ṣe fún ọpọlọ èèyàn. Ẹ ti jìyà tó."

Ìyá mi wo pọ́ǹpù onírin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó tó lè ṣàlàyé, yóò ní láti sọ níwájú wa pé ọ̀rọ̀ Àǹtí jẹ òun lógún, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó ra ohun tí kò fẹ́. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. A gbé èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ sílé.

Oníṣẹ́ iná àti oníṣẹ́ omi dé lọ́sàn-án, nígbà tí Àǹtí lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Wọ́n rì pọ́ǹpù sínú kànga, wọ́n gbé táǹkì sókè, wọ́n so rọ́bà gígùn tí omi ń gbà jáde mọ́ ẹ̀rọ omi nínú ọgbà. Ìyá mi ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ irin sílẹ̀ lórí kànga. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe, ó tú u fúnra rẹ̀, ó sì jù ú sẹ́yìn ilé. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń pa á, ó ń ní ká gbọ́, ká gbọ́ bó ṣe dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo jí bá ìyá mi nínú ọgbà. Ó di rọ́bà mú, omi ń jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àmọ́ ògiri ló kọjú sí, kì í ṣe ẹ̀fọ́, ó sì ń wúkọ́. Á wúkọ́, á dúró, á tún wúkọ́. Mo ní òtútù ti mú un nìyẹn, mo wọlé lọ wá aṣọ tí màá fi bò ó. Bó ṣe kù díẹ̀ kí n jáde ni ẹnì kan fi gbogbo ara gbá géètì wa ṣí.

Àǹtí ni. Kò wé gèlè, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, ọwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ àga, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ agbolé wa.

"Ìyàwó mi o!" ó ké. "Ìyàwó wa, ṣé ohun tó o máa ṣe fún mi nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi jáde síta, ó ṣì ń nu ojú oorun. Àǹtí di aṣọ rẹ̀ mú láyà.

"Ìgbà wo ló kú? Mo rí tírélà rẹ lánàá, mo rí àbúrò rẹ, mo ní kí ló kó gbogbo wọn wálé lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ wá jókòó tì í, ẹ ò ránṣẹ́ sí mi! Ṣé torí àga?"

"Ta ló kú?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

Àǹtí ti já kúrò lára rẹ̀, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sẹ́yìnkùlé. Àwa méjèèjì sáré tẹ̀ lé e. Ìyá mi dúró sáàárín tòmátò, rọ́bà lọ́wọ́, ó ń wo Àǹtí. Àǹtí náà dúró. Kò sẹ́ni tó ráyè fún rọ́bà náà, omi ń gbẹ́ ihò sí ìdí tòmátò kan, ó hú gbòǹgbò rẹ̀ síta.

"Mi ò gbọ́ irin," Àǹtí sọ.

"Wọ́n ti yọ ọ́."

"Mo dúró, mi ò gbọ́ ọ. Mo tún dúró."

"Mo wúkọ́."

"Ikọ́!" Àǹtí sọ. "Etí wo ni mo fẹ́ fi gbọ́ ikọ́? O mọ̀ pé etí mi ò dáa mọ́."

Ó wá jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ̀ bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Ìyá mi ju rọ́bà sílẹ̀. Ó fi apá tí èjìká rẹ̀ ń dùn ún yẹn gbá a mọ́ra, ó sì pè é ní Adúmáadán, orúkọ tó fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ látọjọ́ yìí. Èmi náà sunkún. Mo ti fi aṣọ òtútù nu ojú tán kí n tó rántí ohun tí mo gbé e jáde fún. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sẹ́yìn ilé, ó wá kẹ̀kẹ́ irin tó jù nù kiri, nígbà tó sì rí i, kò mọ ohun tó máa fi ṣe, ó kàn dì í mú.

Lọ́jọ́ kejì, àwa àti Àǹtí jọ lọ dá pọ́ǹpù padà.

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?" ọkùnrin tó ń tà á béèrè.

"Kò bàjẹ́," Àǹtí dá a lóhùn. "Ó yadi ni. Tan àwọn tó lẹ́nu fún mi."

Ó sọdá títì, ó dúró lódìkejì, ó kọ̀yìn sí wa. Ọkùnrin náà so pọ́ǹpù mọ́ iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá mi sì ń wò bóyá Àǹtí máa na ọwọ́ pé òun gbọ́. Ti àkọ́kọ́, kò na ọwọ́. Ti ìkejì, ó yíjú padà, ó ní èṣinṣin ni wọ́n tàn fún òun. Nígbà tó kan onírin tí ìyá mi ti fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi ti ìka bọ etí, Àǹtí sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ọkùnrin náà gbà wá nímọ̀ràn pé ká mọ ilé kékeré lé e lórí, kó má bàa dí àdúgbò lọ́wọ́. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan lé e lórí.

Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí, bí èèyàn bá lè pè é ní ọ̀rọ̀. Orí àga náà ni wọ́n ṣì wà, àmọ́ ṣe ni wọ́n jọ ń jókòó jà á. Láàárọ̀, ìyá mi á rọ omi sí pọ́ǹpù lẹ́nu, á tàn án. Ọwọ̀ ò lè borí ariwo náà, ọmọ odó ni Àǹtí fi ń gbá ògiri, sìmẹ́ńtì ti ń bọ́ níbẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀. Ariwo pọ́ǹpù ló jí wa. A jáde, a bá táǹkì tó ti kún, omi ń ya sílẹ̀ sáàárín ewébẹ̀, ìyá mi sì dúró ti bọ́tìnnì.

"Màmá, ó ti kún o!" Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ láti pa á.

Ìyá mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má pa á."

"Omi ń ṣòfò."

"Má pa á. Kò tíì dáhùn."

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọwọ́ kalẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi ń ṣàn kọjá lórí ẹsẹ̀ wa, ariwo yẹn ń wọ̀ wá lórí. Ìyá mi ò gbójú kúrò lára ògiri. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ti ń wo géètì, mo ti ń ro ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé Àǹtí wà.

Ọmọ odó sì dún.

Ìyá mi jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ. "Pa á wàyí," ó sọ, ó sì lọ darí omi kúrò nídìí ata. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka lé bọ́tìnnì, àmọ́ ó fi ariwo náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i kó tó pa á.