Ọkọ̀ Pupa àti Ọkọ̀ Bámgbóṣé

Nígbà tí Sẹ̀ríyà yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀ pupa náà, ọ̀rá dúdú ti ta sí gèlè rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Kò nu gèlè náà. Ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀, ó kọjú sí Àlíyù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin ìdí ọkọ̀ yìí ti ṣẹ́ rí. Ńṣe ni wọ́n jó o pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà bò ó."

Àlíyù ní kó má dójú ti òun. Ó ní kí ni obìnrin tó ń ta epo mọ̀ nípa irin ọkọ̀, àti pé Festus tó ni ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹni àná sí òun. Festus fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pè é ní Màmá.

Láti Ìtàjí ni wọ́n ti wá sí Ìfàkì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń tọ́jú èrè rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú òmìnira, kí wọ́n lè ra bọ̀lẹ̀kájà kan tí yóò máa kó iṣu, epo àti àwọn obìnrin ọlọ́jà lọ sí Ìkọ̀lé àti Adó. Láwàl, ọmọ kan ṣoṣo tí Sẹ̀ríyà bí, tó ń pe Àlíyù ní bàbá, tó sì ti lo ọdún méjì nídìí ọkọ̀ wíwà n'Íbàdàn, ni yóò máa wà á.

Ọkọ̀ méjì ló wà fún títà. Ti Festus ń dán bí abọ́ tánganran tuntun. Èkejì jẹ́ ti Bámgbóṣé, àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀dà ara ti tirẹ̀ ti bó débi pé kò sẹ́ni tó rántí àwọ̀ tó ní mọ́, okùn ni wọ́n sì fi so ìlẹ̀kùn rẹ̀. Òkèèrè ni Àlíyù ti mú ti Festus. Ó ní Ìtàjí kò ní jáde wá pàdé àkísà.

Sẹ̀ríyà ló takú pé àfi kí wọ́n gun méjèèjì wò. Ọkọ̀ pupa gbé wọn gun òkè ọ̀nà Ọ̀yẹ́ láìmí gúlegúle, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá. Festus ní ọ̀nà ló burú. Nígbà tó kan ọkọ̀ kejì, Bámgbóṣé kò tíì jẹ́ kí Láwàl ṣíná rẹ̀ tó fi ka àìsàn rẹ̀ fún wọn.

"Bó bá ń gun òkè, ẹ ó dúró fún un kó mu omi. Jíà kejì rẹ̀ máa ń fò. Ìlẹ̀kùn yẹn, mo ti tún un ṣe tì. Ṣùgbọ́n bíréèkì rẹ̀ kì í purọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé mi dé ulé."

Wọ́n gun òun náà dé òkè, ó mu omi, ó sì sọ̀kalẹ̀ gbọọrọ. Ìgbà tí wọ́n padà dé ni Sẹ̀ríyà ká ìró rẹ̀ sókè, tó wọ abẹ́ ọkọ̀ méjèèjì lọ wò. Ohun tó ń pa àwọn ọkùnrin yẹn lẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní kí Láwàl tó kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ pupa, kó sì sọ ohun tó bá rí fún bàbá rẹ̀. Láwàl kò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"O ti rí i tẹ́lẹ̀," ni Sẹ̀ríyà wí.

Ọmọkùnrin náà jẹ́wọ́. Àlíyù ti rán an wá wò ó níjẹta. Ó rí ojú ibi tí wọ́n jó, ṣùgbọ́n Festus ní yóò lo ọdún márùn-ún sí i, pé ọ̀dọ́ awakọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sínú ẹ̀gbin. Ó sì ti mọ̀ pé ọkàn bàbá òun wà níbẹ̀.

Ìbínú tó ti ń ru sókè nínú Sẹ̀ríyà sí Àlíyù láti àárọ̀ fi Àlíyù sílẹ̀, ó dojú kọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá, ìyẹn gan-an ló sì pa ẹ̀rín àwọn tó dúró.

"Ta ni o rò pé yóò jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà? Èmi ni. Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ àti oyún inú rẹ̀ ni. Ìwọ gan-an lo máa wà níwájú, Láwàl. O rí ikú wa, o sì panu mọ́ nítorí ọ̀dà pupa."

Àlíyù kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ pa irin náà títí. Nígbà tó dìde, kò wo ojú Festus. Ó ní kí wọ́n mú ti Bámgbóṣé. Kò tọrọ àforíjì, Sẹ̀ríyà kò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn pé ọdún kan gbáko ni Bámgbóṣé yóò fi jókòó ti Láwàl nínú ọkọ̀, bó bá gbà, títí ọmọ náà yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́ nípa ọkọ̀. Àlíyù bi í léèrè ta ló fi í ṣe olórí. Sẹ̀ríyà ní ẹni tó ni ìdajì kòkó ni.

Bámgbóṣé gbà. Wọ́n ti ń wọkọ̀ nígbà tí ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dé láti Òkè-Àkó, tí wọ́n ń béèrè ọkọ̀ tó wà fún títà. Festus ti fa àkísà yọ, ó ń nu iwájú ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kí wọn.

Sẹ̀ríyà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀.

"Láwàl, lọ sọ fún wọn."

"Ìyá mi, ọ̀rẹ́ bàbá ni."

"Mo mọ̀."

Láwàl wo Àlíyù. Àlíyù gbójú lọ sí ọ̀nà Ọ̀yẹ́. Ọmọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Wọn kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé Festus dá nínù dúró. Sẹ̀ríyà kò wọkọ̀. Ó dúró sójú kan títí ọkùnrin Òkè-Àkó náà fi ṣí fìlà, tó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, tó sì fi orúnkún lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pupa.