Bó Bá Kúnlẹ̀ Níbẹ̀

...kò tíì pè. Oòrùn ti mú lórí àpáta, kòkó ti gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi, Ọmọ́yẹlé ò sì tíì pè. Àbí kò tíì kàn án láti sọ̀rọ̀? Àbí ó ti sọ̀rọ̀ tán, ẹkún ni ò jẹ́ kó pe ìyá rẹ̀...

Kòkó tí mo ti yí padà ni mo tún ń yí lórí ìkúnlẹ̀. Ó rẹ̀ mí.

“Ìyá Ọmọ́yẹlé,” bí Ìyá Jamilah, aládùúgbò mi, ṣe ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, “ẹ rán ọmọ lọ Àbújá, ẹ tún rán ọkàn yín tẹ̀ lé e. Ta wá ni mò ń kí yìí?”

Ọmọ́yẹlé làwọn àgbẹ̀ yàn pé kó bá wọn sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin. Bí òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí bá fi lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀fọ̀sù di ti ìjọba nìyẹn. Kí la ó wá... Mi ò fẹ́ rò ó.

Ó fi fọ́tò ilé náà ránṣẹ́ lánàá. Òrùlé rìbìtì, aláwọ̀ ewé, bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ẹni tó dàgbà sábẹ́ òkè Ìdànrè, ṣé òrùlé ni yóò bà á lẹ́rù? Ó bà mí lẹ́rù.

Mo sọ fún un lórí fóònù lálẹ́ àná pé, “Tóo bá wọlé, kúnlẹ̀ kóo tó la ẹnu.”

“Màámi, níwájú mikirofóònù?”

“Kúnlẹ̀ ni mo wí.”

“Ó dáa, mà. Màá kúnlẹ̀.”

Ìyá ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nítorí ilẹ̀, láàfin àtijọ́ lórí òkè. Pèpéle amọ̀ ni ọba jókòó lé, kò ga. Bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ bá ojú ọba dọ́gba gẹ́lẹ́. Wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún un...

Fọ́tò kejì ńkọ́? Inú ilé náà. Mi ò wò ó dáadáa. Mo nu ọwọ́ sára ìró. Àga ń gòkè léra wọn. Tábìlì wọn ga. Tábìlì ẹni tó wá sọ̀rọ̀ náà ga, mikirofóònù na ọrùn sókè lórí rẹ̀—

Bó bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò rí i?

Gèlè rẹ̀ nìkan. Bóyá gèlè ọ̀hún gan-an ò ní yọ. Wọn á ní kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú...

Mo pè é. Ó ti pa fóònù. Mo tún pè. Yóò kúnlẹ̀. Mo kọ́ ọ, ó gbẹ̀kọ́, ohun tó wá ń já mi láyà nìyẹn.

Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ló gba ilẹ̀ padà fún ìyá ìyá mi. Ojú ni. Ó dé ibi tí ojú ti ń rí ojú. Lọ́hùn-ún, ìdúró ló lè gbé ọmọ mi débẹ̀.

Fóònù ò dún. Kòkó ń gbẹ. Eékún mi ti kúrò nílẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo wà lórí ìdúró láàárín oòrùn, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Dìde, Ọmọ́yẹlé. Dìde, ìyá mi.