Àáró Àwọn Olùtọ́jú Dátábéèsì

Ní gbogbo Adja-Ouèrè, olùtọ́jú dátábéèsì kan ṣoṣo ló wà, Rodrigue ni. Inú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pẹ ló ń kó orúkọ wọn àti epo tí kálukú fún pamọ́ sí, kí ohunkóhun má baà sọnù. Bó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Bó bá bàjẹ́, gbogbo ìlú ló mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀.

Ohun kan ló ń wu Rodrigue láyé: kó dúró lórí pèpéle níbi àpérò ọdọọdún tí àwọn olùtọ́jú dátábéèsì ń ṣe ní Àjàṣẹ́, kó di gbohùngbohùn mú, kí gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n alága ẹ̀ka nìkan ni wọ́n ń fún ní gbohùngbohùn, ẹ̀ka sì gbọ́dọ̀ ní èèyàn nínú. Màdáàmù Carine, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú dátábéèsì, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí ẹ̀ka Adja-Ouèrè. Ẹ̀ka wo? Rodrigue àti àga rẹ̀.

Ló bá gba abúlé Massè lọ, ó bá Baba Fábíyì adẹ́mu nídìí ọ̀pẹ.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó fún mi lọ́jọ́rú. Kí Ẹ̀gbọ́n Mosúnmọ́lá tó ń yan gàrí náà wá, àti Ìdírísù onísẹ́mì tó ń fi alùpùpù gbé èrò.”

“Kí la fẹ́ jókòó ṣe?”

“Ẹ kàn máa ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń ṣe.”

Baba Fábíyì gbé akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé àáró lo wá bẹ̀ wá ni?”

Àáró kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Massè. Gbogbo ẹgbẹ́ á kó ọkọ́ wá sóko rẹ lónìí, ìwọ náà á sì lọ sí tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jẹ àáró tí kò san án, ewúrẹ́ pàápàá ò ní yà lọ́nà fún un mọ́. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn ló kún ojú Rodrigue.

“Ẹ̀n-ẹ́n, Baba, àáró ni.”

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, ó ti kọ́ wọn ní gbólóhùn kan: “A máa ń ṣe ẹ̀dà, kí ti àkọ́kọ́ má baà sọnù.” Màdáàmù Carine dé, ó bi Mosúnmọ́lá léèrè iṣẹ́ rẹ̀.

“A máa ń ṣe ẹ̀dà,” ni Mosúnmọ́lá wí. “Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló máa ń ta sánsán jù.”

“Èmi ni mo ń gbé ẹ̀dà náà,” Ìdírísù fi kún un, “títí dé Pobè. Bí òjò bá rọ̀, mi ò lọ.”

Màdáàmù Carine fi ife ẹmu tí Baba bù fún un sílẹ̀. “Mùsíé Rodrigue, kò sí olùtọ́jú dátábéèsì kankan níbí yàtọ̀ sí yín.”

Rodrigue ti ń kó àwọn ife jọ, ni Màdáàmù bá tún sọ̀rọ̀.

“Ní ẹ̀ka tí mo ti ń bọ̀, ìyàwó alága àti àwọn àna rẹ̀ ni mo bá, wọn ò tilẹ̀ fi omi lọ̀ mí. Àwọn tiyín fún mi lẹ́mu. Ẹ̀ka yín ti dúró. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi àpérò.”

Rodrigue fẹ́ fò sókè. Baba Fábíyì wúkọ́.

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹ̀? Ọjọ́ tí a ó kọ ebè ẹ̀gẹ́ mi nìyẹn. Àáró tèmi ló kàn.”

“Baba, kọ̀ǹpútà ni tèmi. Mi ò mọ ọkọ́ dì mú.”

“Èmi náà ò mọ kọ̀ǹpútà. Mo sì jókòó.”

Lówùrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rodrigue wọ kóòtù, ó so táì, ó yọ́ jáde. Onísẹ́mì kan ṣoṣo ló bá ní ìkóríta.

“Ìdírísù, gbé mi dé ibùdókọ̀ Pobè, kíákíá.”

“Ẹ gùn ún, Fòfó,” ni Ìdírísù wí, bí ẹni tó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Alùpùpù gbéra, ó sì yà sí ọ̀tún.

“Ìdírísù, ọ̀nà ibí kọ́.”

“Ọ̀nà ibí ni, Fòfó. Èmi náà wà nínú àáró.”

Báyìí ni Rodrigue ṣe ń kọ ebè ní Massè pẹ̀lú táì lọ́rùn, láàárín gbogbo abúlé tó wá ran Baba lọ́wọ́. Mosúnmọ́lá wo iṣẹ́ rẹ̀. “Ebè tìrẹ yìí, ẹ̀gẹ́ tó bá sùn nínú rẹ̀ á máa rí ojú ọ̀run.”

Fóònù dún. Màdáàmù Carine ni.

“Níbo lẹ wà?”

“Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́, Màdáàmù.”

“Àwọn díẹ̀ láti Kútọnu nìkan ló wà ní gbọ̀ngán. Àwọn tó kù kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀, wọ́n sùn sílé. Bí àga ò bá kún kó tó di ìrọ̀lẹ́, òfin ní ká fagi lé àpérò.”

Rodrigue fi ọkọ́ gúnlẹ̀. “Baba, mo tún bẹ̀ yín ní àáró kan sí i: kí gbogbo yín wá bá mi kún àga ní Àjàṣẹ́.”

“O ò tí ì san ti àkọ́kọ́ tán.”

“N ó san án ní ìlọ́po méjì fún kálukú.”

Kí Baba tó dáhùn, Mosúnmọ́lá ti ń ṣan ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó epo pupa ló kó wọn, tọkọ́tọkọ́. Nígbà tí wọ́n wọlé ní Àjàṣẹ́, àga kún, àwọn tó kù dúró ti ògiri.

“Gẹ́gẹ́ bí òfin,” Màdáàmù Carine kéde, “ẹni tó bá wà nínú gbọ̀ngán ló ń dìbò. Ká yan olórí ẹgbẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ta ni kó ṣe é?”

Rodrigue wo gbọ̀ngán yíká. Èèyàn òun ló kún ilé. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì ti fẹ́ẹ̀ dìde tán.

“Baba jókòó síbí,” ni Mosúnmọ́lá wí, “ẹ wá ń béèrè.”

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Rodrigue na tirẹ̀ náà. Ó ṣì jẹ wọ́n ní ọjọ́ oko.

Baba Fábíyì gun pèpéle, olórí tuntun fún gbogbo olùtọ́jú dátábéèsì ilẹ̀ náà. Baba ò gbọ́ Faransé, àwọn díẹ̀ tó ti Kútọnu wá ò sì gbọ́ èdè Baba. Màdáàmù Carine bá ki gbohùngbohùn bọ Rodrigue lọ́wọ́.

“Ẹ bá wọn túmọ̀.”

Gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́ fún un.

“Sọ fún wọn pé mo kí wọn,” ni Baba wí. “Sọ fún wọn pé ìlà ebè kan kù ní Massè tí kò parí, àti pé ọ̀lẹ tó fi í sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yìí.”

Rodrigue gbé gbohùngbohùn súnmọ́ ẹnu, ó sì fi Faransé tó dán túmọ̀ rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan.