Ọkọ̀ Tí Kì í Dẹ́ṣẹ̀ Lójú Ọkọ

Nígbà tí ìyàwó mẹkáníìkì kọ́kọ́ sọ fún un pé jíà ọkọ̀ òun kọ̀ láti gbéra lójú ọ̀nà, ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú nìyẹn. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ wá bá a, pàápàá èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, wọ́n ní etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí irin ń wí. Ọ̀gá Jíà ni wọ́n ń pè é.

Ìyàwó rẹ̀ ń gé dígí awò ojú ní ilé ìwòsàn kan ní òdìkejì ìlú. Ó ní bí òun bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ á ṣàdédé há sí jíà kejì, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, síbẹ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ pàápàá á máa ya òun sílẹ̀. Bí òun bá pa á, tí òun dúró díẹ̀, á tún dára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká. Jíà ń gòkè, jíà ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ní kò sí àléébù kankan. Ó ní kó máa wà á lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ìyàwó tún fi pẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ọkọ tún yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, akunkọ̀ kan, ẹni tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ti mẹkáníìkì, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ ọ̀gá yìí mà gbọ́n o, ọ̀dọ̀ ìyàwó nìkan ló ti ń ṣàìsàn, tó bá ti rí oníṣègùn, ara rẹ̀ á yá. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá a délé, ó sì bá a dórí ibùsùn.

Láti ìgbà náà ló ti ń wo ohun tí kì í wò tẹ́lẹ̀. Ó ń wo bí wọ́n ṣe tẹ àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sẹ́yìn. Ó ń gbóòórùn inú ọkọ̀. Ó ń béèrè ọ̀nà tí ìyàwó gbà àti ẹni tó pàdé, bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ. Obìnrin náà kì í ṣe ọmọdé. Ó dáhùn títí ó fi sú u, ló wá ń fi "mo ti dé" dáhùn ohun gbogbo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ibà mú ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wọn nílé ìwé. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ó ní òun ti ń bọ̀. Wọ́n retí títí, ni wọ́n bá pe bàbá. Ó ti gbé ọmọ délé, ó ti fún un lóògùn, kí ìyá tó wọlé, bàtà lọ́wọ́, òógùn lójú. Ó ní ọkọ̀ tún há, àwọn awakọ̀ bú òun títí òun fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí òun dúró kó tutù.

Ọkọ rẹ̀ ò gbé ohùn sókè. "Ìyá Ìbejì, ọkọ̀ ò lè máa bà jẹ́ lójú ẹ nìkan. Ọ̀dọ̀ ta lò ń yà sí?"

Ìyàwó kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. "Bàbá Ìbejì, tó bá dọ̀la, ẹ wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Èmi ni màá wa ọkọ̀. Ẹ jókòó tì mí, kí ẹ fojú ara yín rí ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń yà sí."

Ọkọ lọ. Ó so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọkọ̀, ó gbé e lé itan. Oòrùn mú, ọkọ̀ sì pọ̀ débi pé wọ́n ń rìn bí ìgbín. Ó ń wo nọ́ńbà tó ń sọ bí òróró jíà ṣe gbóná tó, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ọ̀nà ṣe là díẹ̀ tí wọ́n ń sáré, wọ́n bọ́ sí kòtò kékeré kan lẹ́bàá afárá, nọ́ńbà náà sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ já wálẹ̀ sí jíà kejì, ẹ́ńjìnnì ń ké, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè.

"Òun nìyẹn," ni ìyàwó wí. Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọkọ ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má pa ẹ́ńjìnnì. Ó mọ̀ pé òróró kì í fò bẹ́ẹ̀, bí omi lórí iná, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbóná. Ó yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn òróró náà, òróró náà pọ́n dáadáa, kò rùn bí ohun tó jó. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tọ wáyà tó ti ara sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru òróró jáde. Wáyà náà ti ń ha irin, awọ rẹ̀ ti bó. Ó sún un díẹ̀, ó ní kí ìyàwó ka nọ́ńbà. Nọ́ńbà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dá wáyà padà, nọ́ńbà tún fò. Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Wáyà bíbó yìí ló ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé òróró ti fẹ́ẹ́ hó, kọ̀ǹpútà sì ń dá jíà dúró kó má baà jóná. Irọ́ náà jọ òótọ́, kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi kọ àléébù sílẹ̀. Òun náà sì rèé, àárọ̀ tútù ló ti ń yẹ ọkọ̀ wò, kí ara irin tó gbóná.

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó jáde lábẹ́ ọkọ̀, iyanrìn lọ́rùn. "Mo ti rí i. Wáyà ni."

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí sítíárìn. "Tí ọkọ̀ ò bá wá há lónìí ńkọ́?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọkọ. Ó ní kó má bínú. Ìyàwó ní òun ò bínú, wọ́n sì wálé.

Ọkọ pààrọ̀ wáyà náà, ó fà á kúrò lára irin, ó tún fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó wà á lọ́sàn-án gangan, ó gbà á lójú kòtò yẹn kan náà. Jíà ò já mọ́. Ó lọ bá akunkọ̀, ó ní kó má fi ìyàwó òun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, akunkọ̀ sì bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ó mọ̀ pé kì í ṣe akunkọ̀ ló béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ìyàwó òun ń yà sí.

Obìnrin náà ń tètè dé báyìí. Ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré, ó ń kí ọkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bó bá béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ, á ní ó lọ dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ ń nu gíláàsì ọkọ̀ náà nígbà tó rí i pé táyà ẹ̀yìn kan ti yàtọ̀. Táyà ìpamọ́ ni wọ́n dè síbẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó bá èyí tó jò níbẹ̀, ìṣó ṣì wà nínú rẹ̀. Táyà ti jò fún ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà, bóyá nínú òjò àná, ẹnì kan tí òun ò mọ̀ ti bá a pààrọ̀ rẹ̀, obìnrin náà sì wálé, ó jẹun, kò sọ ọ́. Ó mú sípánà, ó kúnlẹ̀, ó dán àwọn nọ́ọ̀tì wò. Àwọn kan nínú wọn ò le. Ó dè wọ́n pinpin.

Ìyàwó jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó rí i lórí ìkúnlẹ̀ nídìí táyà. "Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, ó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́.

Ìbéèrè ẹni tó bá a pààrọ̀ táyà wà lẹ́nu ọkọ. Ó gbé e mì, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́.