Àpò Ọsàn Tó Wọ Leiwia Léjìká

Darren, ọ̀gá wa lóko ọsàn Mildura nílẹ̀ òyìnbó, kò já ọsàn kan rí láyé ẹ̀. Abẹ́ ibòòji ló máa ń jókòó sí, táá máa pariwo mọ́ wa bí ẹni ń lé adìẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀lẹ.

Leiwia lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Láti Efate, erékùṣù wa, la ti jọ wá ṣiṣẹ́. Ọdún kẹta rẹ̀ lóko nìyẹn, kò sì sọ́kùnrin tó ń já ọsàn tó o. Àpò tí à ń fi okùn gbé kọ́ èjìká ń wọ̀n tó ogún kílò. Bó bá kún, okùn náà á wọ inú ẹran lọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè mọ́. Ó ń ṣe é bíi pé eèrà ń rìn nínú ìka rẹ̀, ife tíì sì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan ni mo rí ẹ̀yìn rẹ̀: eegun pẹlẹbẹ èjìká ọ̀tún ti yọ síta bí apá ẹyẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èjìká ń dùn mí," ló wí fún Darren.

Darren rẹ́rìn-ín. "Èjìká kẹ̀? Ẹ̀yin ará erékùṣù, tí òtútù bá ti mú báyìí, àìsàn dé! Gbé àpò, jàre!"

Mo fà á lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tọ́jú eegun àti iṣan nínú ìlú. Obìnrin náà ní kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Bó ti tì í, eegun náà ta síta. Ó ní okùn àpò ló tẹ iṣan tó ń di eegun náà mọ́ra, òmíràn tó lọ sínú ìka sì ti há. Kó má gbé ẹrù mọ́; ó lè tó ọdún méjì kó tó bọ̀ sípò. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó ní ká fún ọ̀gá wa.

Darren kò kà á tán. "Ta ni kò lè ti ògiri?" Ó ju ìwé náà sórí koríko.

Leiwia fi ọwọ́ òsì mú un nílẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀. "Darren, ọdún mẹ́ta ni mo fi pè ọ́ ní sà. Ẹnu mi ló jẹ̀bi." Ó ju àpò sẹ́sẹ̀ Darren, a bá tiwa lọ.

Ọdún kan àbọ̀ rèé tá a ti padà sílé. Eegun náà ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àmọ́ bó bá rin iṣu tá a fi ń se laplap, oúnjẹ ilé wa, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìka rẹ̀ á kú.

Lóṣù tó kọjá, Darren pè é. "Leiwia, ọsàn ti pọ́n o! Mi ò rẹ́ni tó mọṣẹ́ bíi tìẹ. Èjìká yẹn ti san, àbí?"

"Ó ti san tó láti gbé fóònù," ni Leiwia dá a lóhùn. "Kò tíì tó láti gbé òmùgọ̀." Ó pa á mọ́ ọn létí, ó pòṣé, ó ní kí n wá bá òun fún omi jáde lára àgbọn tá a ti rin.