Ẹ̀gà Lórí Ọ̀pẹ Oníke

Bísí ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ẹ. Ṣé o mọ ọ̀pẹ tí mo ń fi ike omi àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà ṣe lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n fẹ́ wá gbé lọ síbi àfihàn? Ẹyẹ ẹ̀gà ya bò ó, wọ́n ń ya imọ̀ rẹ̀ hun ìtẹ́. Mo mú igi láti lé wọn, àfi bí mo ṣe bá ara mi nínú ìtẹ́ kan. Abo ẹ̀gà kan sàba lé àwọn ìdérí ike bí ẹni pé ẹyin ni wọ́n. Mo fọwọ́ kan àwọn ìdérí náà, wọ́n gbóná.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin lẹ ṣe igi yìí. Nígbà wo làwọn ọmọ mi máa jáde?"

Mo jí, mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Bísí, ẹ̀gà kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti fi ọ̀rá hun ìtẹ́ dé ìdajì.