Kọ́ọ̀sì Tí Ìṣirò Ò Sí Nínú Rẹ̀

3.

…nítorí náà mo sọ fún bàbá mi pé ilé Bùrọ̀dá Ṣínà ni mo ń lọ, mo sì gba ọ̀nà Ìfọ́n.

Irọ́ ni. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé pé irọ́ ni.

(Ẹ má wá ìpín kìíní àti ìkejì. Mo ti pa wọ́n rẹ́.)


4. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Èmi: Dinah Ọládèjì. Ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìlobù. Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Mi ò fẹ́ràn ìṣirò.

Bàbá mi: Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah Ọládèjì. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́.

Bùrọ̀dá Ṣínà: akẹ́kọ̀ọ́ bàbá mi tẹ́lẹ̀. Àwọn ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ mi ní ìṣirò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán.

Àǹtí Mùíbátù: wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìfọ́n, níbi tí mo máa ń wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán.

Màmá mi: olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ orúkọ àwọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti yọ ọ́.


5. Èsì mi nínú ìṣirò, ìdánwò oníwèé-mẹ́wàá

Ìgbà àkọ́kọ́: F9
Ìgbà kejì: D7
Ìgbà kẹta: C6

Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ó ń gòkè. Bàbá mi wò ó dáadáa. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù yunifásítì, wọ́n ní kí n kọ Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì sí i.

"Ṣebí kọ̀ǹpútà lo ní o fẹ́."

Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀.


6. Ohun tí mo lè ṣe

— Mo lè tú kọ̀ǹpútà alágbèéká palẹ̀, kí n tún un tò, láìjẹ́ kí nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù. (Ó ku ẹyọ kan nígbà kan. Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́.)
— Mo lè gba fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sunkún wọ ṣọ́ọ̀bù wa lóṣù tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín jáde.
— Mo lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láìwo bọ́tìnnì.

Ohun tí mi ò lè ṣe

— Kí n wá x.


7.

Ìwé ìtọ́sọ́nà yunifásítì náà wà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wo kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, mo sì ka iye ìgbà tí wọ́n fi ìṣirò sínú ọdún mẹ́rin rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì: mẹ́sàn-án.
Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà fún Olùkọ́: mẹ́rin.
Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà: mo dúró nígbà tó di mẹ́rìnlá.
Iṣẹ́ Láíbìrì àti Ìtọ́jú Ìsọfúnni: ẹyọ kan. Wọ́n tiẹ̀ fi orúkọ mìíràn pè é.

Mo wá ka iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà fara hàn nínú ti láíbìrì. Méje.

Méje sí ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe yẹn, ìṣirò ni. Ẹ má sọ fún bàbá mi.


8. Pálọ̀ wa, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

ÈMI: Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀sì kan wà. Iṣẹ́ Láíbìrì àti Ìtọ́jú Ìsọfúnni.
BÀBÁ: Láíbìrì.
ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àti ìtọ́jú ìsọfúnni.
BÀBÁ: Kí o máa gbọn eruku lára ìwé.
ÈMI: Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí, sà.
BÀBÁ: Ta ló ń gbọn eruku lára kọ̀ǹpútà?

(Èmi ni. A ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré fún un. Mi ò sọ ọ́.)

BÀBÁ: Dinah, ẹni tó bá ń sá fún ìṣirò, iwájú ló máa bá a.
ÈMI: Ẹ̀yin náà, Mọ́mì, ẹ bá mi dá sí i.
MÀMÁ: Mo rò pé o ti yọ mí kúrò.


9. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdánwò àtiwọ yunifásítì kan ní Òṣogbo

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ YÍ KỌ́Ọ̀SÌ RẸ̀ PADÀ:
ỌJỌ́ ẸTÌ NI ÒPIN. AAGO MẸ́RIN ÌRỌ̀LẸ́.
Ẹ̀Ẹ̀KAN ṢOṢO. Ẹ RONÚ KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ.


10. Orí fóònù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

ṢÍNÀ: Dinah, báwo ni? Bàbá yín ní kí n fi bí o ṣe ń ṣe sí ránṣẹ́ sí àwọn. Kí ni kí n sọ?
DINAH: Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ sọ pé mo ń tẹ̀ síwájú.
ṢÍNÀ: Síbo?
DINAH: Ìfọ́n, sà.
ṢÍNÀ: Àwọn ló kọ́ mi títí mo fi yege. Mi ò lè parọ́ fún wọn.
DINAH: Kì í ṣe irọ́, sà. Ẹni tó bá kọjú sí Ìfọ́n, iwájú rẹ̀ ló wà.

Wọ́n ti kà á.


11. Ìwé tí mo bá nínú àpò ṣòkòtò bàbá mi nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́

Sí gbogbo olùkọ́. Gẹ́gẹ́ bó ti rí láti ọdún méjì sẹ́yìn, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ó ti máa gba èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A kò gba ìwé àfọwọ́kọ mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni òpin. Olùkọ́ tí tirẹ̀ kò bá wọlé yóò wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ọ̀gá àgbà.

Mo dá a padà sínú àpò. Mo rò pé kò kàn mí.


12.

Bàbá mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Nílé wa, a kì í sọ ọ́.


13.

Ọ̀nà Ìlobù sí Ìfọ́n ò jìn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìlú méjèèjì ti jà, tí ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn ará ìlú wa kì í dédé lọ síbẹ̀ bí wọn ò bá ní ìdí. Ìyẹn ni mo fi yan ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí mi.

Ó jọ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ronú bẹ́ẹ̀.


14. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú

Bàbá mi wọlé, wọ́n rí mi, wọ́n sì bínú gidigidi.


14. (Àtúnṣe)

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Àǹtí Mùíbátù ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Bàbá kan wọlé, fáìlì ńlá wà lábẹ́ abíyá wọn. Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ra ohun tí ìjọba fòfin dè. Mo ní, ẹ káàsán, sà, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Wọ́n ní èsì ìdánwò ni àwọn fẹ́ kí n bá àwọn tẹ̀, pé ti ọ̀rẹ́ àwọn kan ni. Mo ní kò sí wàhálà, sà, ọmọ kan wà níbí tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bá pe Dinah."

Abẹ́ tábìlì ni mo wà. Mo ń fa wáyà. Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí. Mo mọ bàtà náà. Èmi ni mo kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo kí wọn láti ibẹ̀.

ÈMI: Ẹ káàsán, sà.
BÀBÁ: Káàsán.
MÙÍBÁTÙ: Àbí ẹ mọra ni?
BÀBÁ: Ilé kan náà là ń gbé.

Mo jáde lábẹ́ tábìlì.

BÀBÁ: Ṣé báyìí ni ẹ̀kọ́ ìṣirò Ṣínà ṣe rí?
ÈMI: Ṣé ti ọ̀rẹ́ yín ni èsì yìí, sà?

Mo fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Bàbá mi tú fáìlì.


15.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínláàádóje. Bàbá mi ń pe orúkọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń pè é bí ẹni tó wà níwájú kílàsì. Síkírù. Mobọ́lá. Dọlápọ̀sí. Nígbà tó ku orúkọ kan, mo kọ ìlà àṣẹ kan péré sókè, lẹ́tà àti àmì ìròpọ̀, mo fà á wálẹ̀, àròpọ̀ máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

BÀBÁ: Kò tọ̀nà.
ÈMI: Kọ̀ǹpútà ló rò ó, sà.
BÀBÁ: Olúwafisáyọ̀. Ìdánwò kékeré àkọ́kọ́, méjìlá. Ìkejì, mẹ́sàn-án. Ìdánwò àṣekágbá, méjìdínláàádọ́ta. Kí ló kọ síbẹ̀?
ÈMI: Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
BÀBÁ: Mọ́kàndínláàádọ́rin ni.

Wọn ò mú báírò. Wọn ò wo ìwé. Wọ́n kàn ń wo iwájú.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti fo ìdánwò àkọ́kọ́. Mo fò ó fún gbogbo wọn.

ÈMI: Kọ̀ǹpútà ló ṣì í.
BÀBÁ: Kọ̀ǹpútà ò ṣì í. Ohun tí o ní kó ṣe ló ṣe.

Mo yí lẹ́tà kan padà nínú ìlà àṣẹ náà. Gbogbo iye náà yí padà papọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Bàbá mi sún mọ́ ọn.

BÀBÁ: Tún un ṣe.

Mo bà á jẹ́, mo sì tún un ṣe.

BÀBÁ: Lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n ṣe é.

BÀBÁ: Lẹ́tà tí o kọ síbẹ̀ yẹn, nọ́ńbà ló dúró fún, àbí?
ÈMI: Nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀ ni, sà. Èyíkéyìí.
BÀBÁ: Kí ni mo máa ń pe ìyẹn ní kílàsì?

x ni wọ́n máa ń pè é. Àǹtí Mùíbátù lọ tan jẹnẹrétọ̀.


16.

Orúkọ kan ṣẹ́ kù. Bàbá mi ní àwọn fẹ́ tẹ ìyẹn fúnra wọn. Ìníolúwa. Ìka kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo bá wọn fi àmì ohùn sí i.

Nígbà tó kan bọ́tìnnì tó máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tètè gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná ta.

Ó wọlé.


2. (Mo ti pa á rẹ́. Mo ti gbà á padà. Mo sọ fún yín pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.)

Mo wà ní kílàsì kejì girama. Bàbá mi ni olùkọ́ wa. Wọ́n pè mí síwájú pátákó: ìdá kan nínú mẹ́ta, kí n rò ó pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo kọ ìdá méjì nínú méje.

Wọ́n ní, "Ẹ wò ó. Ọmọ olùkọ́ ìṣirò nìyí."

Kílàsì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní kí n dúró síbẹ̀. Mo dúró ti ìdá méjì nínú méje títí agogo fi lù.

Nílé, wọ́n pè mí wá jẹun. Wọ́n fún mi ní ẹran tiwọn. A ò sọ ọ́ mọ́.


17. Ọ̀nà Ìlobù, lẹ́sẹ̀

BÀBÁ: Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń gbé èsì lọ tẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ti kó lọ.
ÈMI: Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, sà?

Ọ̀kadà méjì kọjá. Bàbá mi dúró kí eruku wálẹ̀.

BÀBÁ: Ṣé o rántí ìdá kan nínú mẹ́ta?
ÈMI: Rárá, sà.
BÀBÁ: Mo rántí.

A rìn.

BÀBÁ: Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ fún ọ pé nǹkan kan ò yé mi?


18. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kí ilẹ̀ tó ṣú

Bàbá mi mú ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo tẹ̀ jáde. Wọ́n jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń ka apá ti láíbìrì. Báírò pupa wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fi kọ nǹkan kan.

Èmi náà ṣí ìwé ìṣirò mi sínú yàrá. Ìbéèrè márùn-ún. Mo gba ẹyọ kan. Mi ò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jáde, mo sì mọ ìdí tó fi jáde.

Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń ṣe fún ẹnì kejì.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ wọlé, wọ́n ní, "Múra sílẹ̀. À ń lọ sí Òṣogbo lọ́la."

Màmá mi ní, "Ẹ ṣeun," wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.


19. Ibùdó ìdánwò, Òṣogbo, ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ni Amos. Ó wà lára káàdì tó so mọ́rùn.

AMOS: Ẹ káàsán, sà. Ta ló fẹ́ yí kọ́ọ̀sì padà?
BÀBÁ: Ọmọ mi yìí ni.
AMOS: Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì ló wà níbí. Kí lẹ fẹ́ kí n yí i sí?
BÀBÁ: Iṣẹ́ Láíbìrì àti Ìtọ́jú Ìsọfúnni.
ÈMI: Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀ẹ̀kan náà la sọ ọ́.

AMOS: Ẹ jọ̀ọ́, ti ta ni kí n gbọ́?
BÀBÁ: Tọmọ náà ni kí ẹ gbọ́.
ÈMI: Ti bàbá mi ni kí ẹ gbọ́.

Amos wo ìlà tó wà lẹ́yìn wa. Ó gùn dé ẹnu géètì.

AMOS: Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ yẹn, sà. Bí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ padà wá. Ẹni tó kàn!


20.

Bẹ́ǹṣì náà le. A jókòó.

"Kí ló dé tí ẹ fi ní láíbìrì?" mo bi wọ́n.

"Mo kà á. Ó dáa ju bí mo ṣe rò lọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"O ò mọ̀, àbí ẹ̀rù mi ló ń bà ọ́?"

Mo rò ó. Mo fẹ́ sọ òótọ́.

"Mi ò mọ èwo ni, sà."

Wọ́n mi orí. Aago mẹ́ta àbọ̀ ti kọjá. Wọ́n fa ìwé kan ya nínú fáìlì wọn, ìwé tí ohunkóhun ò sí lára rẹ̀, wọ́n sì nà án sí mi pẹ̀lú báírò.

"Kọ èyí tó bá jẹ́ tìrẹ síbẹ̀," wọ́n ní. "Mi ò ní máàkì í."